Ẹni méjì ló ní òun jẹ̀bi: ọ̀kan rẹ́wọ̀n ọdún méjì he, èkejì wọkọ̀ lọ sílé. Báwo ni òfin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́?

Àbẹ̀kẹ́_ÌtàẸlẹ́wà · Ọjọ́bọ̀, 1:14 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iná àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìtamágà la máa ń sọ jù níbí, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní kóòtù lánàá kò jẹ́ kí n sùn.

Ìyá kan ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi níbí, n'Ìkòròdú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Ọdọ̀gúnyàn, ọmọ ọdún 19 ni. Ó jí bátìrì ínfátà méjì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹrun. Ó jí i lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n rí ọ̀kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ta èkejì. Ọlọ́pàá tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fa ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ó ní, "Màmá, ẹ má náwó lọ́yà. Kó ṣáà ti sọ pé òun jẹ̀bi, wọn á bu fáìnì fún un, ẹ ó jọ relé." Màmá lọ yá ₦80,000 nínú àjọ, ó so ó mọ́ etí ìró, ó tẹ̀ lé wọn lọ sí kóòtù.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí àwa tá a jókòó lẹ́yìn gbọ́ràn dáadáa. Akọ̀wé ka ẹ̀sùn lédè Òyìnbó, ó bi ọmọ náà bóyá ó yé e, ó mi orí. Ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi? Ó ní òun jẹ̀bi. Májísíréètì bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ kí òun tó dájọ́. Ọmọ náà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan dúdú, ẹsẹ̀ kejì búlúù, kò fọhùn. Ọdún méjì, kò sí fáìnì. Màmá ṣì ń tú etí ìró rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ti ń mú ọmọ jáde.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pe ọkùnrin kan tó ta púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo fún ẹni méjì lápá Ìmọ́tà. Òun náà ní òun jẹ̀bi. Lọ́yà rẹ̀ dìde, ó ní àwọn ti dá owó ẹni tó pẹjọ́ padà, ìwé àdéhùn rèé. Wọ́n ní kó san ₦200,000, ó bá àwọn èèyàn rẹ̀ wọkọ̀ lọ. Owó ilẹ̀ o, mílíọ̀nù ni!

Ṣé wọ́n ṣì lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn.

Bàbá_Ṣábọ̀ · 1:40 ọ̀sán

Ó jí i àbí kò jí i? Ẹ ti dáhùn fúnra yín.

Bí ẹ bá mọ iye tí wọ́n ń ta bátìrì ínfátà báyìí, ẹ ò ní máa bá olè sunkún. Wọ́n já ṣọ́ọ̀bù tèmi náà rí ní Ṣábọ̀, kò sẹ́ni tó ṣí àkọlé kankan torí tèmi. Àánú àìnídìí yìí ló ń ba ìlú jẹ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọdún 2016, tí wọ́n wọ ilé ìwé Babington Macaulay níbí, tí wọ́n kó ọmọbìnrin mẹ́ta lọ? Ìgbà tí Èkó ṣòfin tuntun ní 2017, ẹ̀wọ̀n gbére fún ajínigbé, ikú bí ẹni tí wọ́n gbé bá kú sí wọn lọ́wọ́, ìgbà yẹn la tó mí díẹ̀. Ohun tí olè ń bẹ̀rù ni ìyà.

Tàjù_Dánfó · 1:52 ọ̀sán

Bàbá, bátìrì ló jí o, kò jí ọmọ gbé.

Ìyá_Ìbejì_Àgríìkì · 2:10 ọ̀sán

Bàbá Ṣábọ̀, ẹ jẹ́ ká rántí ìgbà Badoo náà, àwọn apànìyàn tó ń wọlé onílé lóru, 2016 wọ 2017. Gbogbo wa la ń fi ìbẹ̀rù sùn nígbà yẹn, mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú bí àdúgbò tán, ta ni wọ́n pa ní July 2017? Aláwàdà kan tó ń kọjá lọ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń rìn. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n, wọn kì í ṣe Badoo rárá. Kò sí kòtẹ́milọ́rùn fún ẹni tí wọ́n ti fi táyà sí lọ́rùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ kóòtù, bó tilẹ̀ ń pẹ́.

Lọ́yà_Ìgbógbó · 3:05 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àbẹ̀kẹ́, ìbéèrè tìrẹ ni kí n kọ́kọ́ dáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Ẹni tó ní òun jẹ̀bi kò tíì pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tó máa le fún un ni kó tún wá sọ pé òun kò ṣe é. Ṣùgbọ́n iye ọdún tí wọ́n bù fún un, ó lè gbé e lọ síwájú. Láti kóòtù májísíréètì, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni kòtẹ́milọ́rùn ń lọ, Ìkòròdú sì ní tirẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá dé Ìkẹjà. Ohun tó ń lé yín báyìí ni ọjọ́. Ẹ má jẹ́ kí 30 ọjọ́ pé kí ìwé tó wọlé. (Láti Ilé Ẹjọ́ Gíga sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, 90 ọjọ́ ni fún ẹjọ́ ọ̀daràn. Láti ibẹ̀ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ l'Ábújá, 30 ọjọ́.) Wọ́n lè fún ẹni tó bá pẹ́ láyè, àmọ́ yóò ní láti ṣàlàyé ohun tó dá a dúró, àlàyé yẹn sì gbọ́dọ̀ ta létí adájọ́.

Ní ti ọkùnrin onílẹ̀: àwọn méjèèjì ní "mo jẹ̀bi", ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra. Láti 2007 ni òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Èkó ti fàyè gbà á pé kí lọ́yà olùjẹ́jọ́ àti ti ìjọba jókòó dúnàá-dúrà kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Wọ́n á jọ fẹnu kò lórí ẹ̀sùn tó máa gbà, ohun tó máa dá padà àti irú ìyà tí wọ́n máa bẹ adájọ́ fún. Adájọ́ lè ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà wọn á fọwọ́ sí i. Ọkùnrin yẹn ti parí ẹjọ́ rẹ̀ kó tó wọ kóòtù, ìwé ló wá gbà. Ọmọ tiyín gba ẹ̀bi lófìfo, láìsí àdéhùn kankan lọ́wọ́, ó wá ń retí fáìnì tí ọlọ́pàá ṣèlérí. Ọlọ́pàá kò láṣẹ láti ṣèlérí fáìnì fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ọmọ yẹn.

Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n yé wo ẹnu adájọ́ nìkan. Kí adájọ́ tó la ẹnu, ẹni tó kọ ẹ̀sùn àti ẹni tó gba olùjẹ́jọ́ nímọ̀ràn ti ṣe ìdajì ìdájọ́ náà.

Wàyí o, kí lẹ máa sọ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga? Wọn kì í dín ọdún kù torí pé àwọn ìbá fún un ní oṣù mẹ́fà ká ní ọ̀dọ̀ àwọn ló kọ́kọ́ dé. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ìyà náà pọ̀ kọjá ààlà tàbí ó kéré jù, tàbí adájọ́ fojú fo ohun tó yẹ kó rò. Ọmọ ọdún 19. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Kò fi àkókò kóòtù ṣòfò. Bátìrì kan ti padà. Olè jíjà lásán, láìsí ohun mìíràn tó mú un burú sí i, ọdún mẹ́ta ni òkè rẹ̀ lábẹ́ òfin Èkó. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, tó sì jẹ́wọ́, wá gba méjì nínú mẹ́ta, mélòó ni wọ́n máa fún ògbólógbòó tó ti ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó tún ní òun kò ṣe é? Ibẹ̀ ni èmi máa dúró sí.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí (constitution), apá 36, sọ pé ẹni tí kò bá gbọ́ èdè kóòtù gbọ́dọ̀ rí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ọmọ náà gbọ́ Òyìnbó àbí orí ló kàn mì?

Àbẹ̀kẹ́_ÌtàẸlẹ́wà · 3:21 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. JSS 2 ló ti kúrò nílé ìwé. Èmi rò pé orí ló kàn mì.

Akẹ́kọ̀ọ́_LASUSTECH · 3:48 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ ṣé òfin yẹn náà ni wọ́n fi ṣe ti owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá? January 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga l'Ábújá, John Yakubu Yusuf. Ó ní òun jẹ̀bi pé òun wà lára àwọn tó kó owó tó lé ní bílíọ̀nù ogún náírà! Wọ́n ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san ₦250,000 lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sùn mẹ́ta, ₦750,000. Ó san án, ó lọ sílé. Bátìrì méjì, ọdún méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Tàjù_Dánfó · 3:55 ọ̀sán

Ká ní ọmọ yẹn jí gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì ni, wọn ì bá ti bá a dúnàá-dúrà.

Lọ́yà_Ìgbógbó · 4:20 ọ̀sán

Akẹ́kọ̀ọ́, o jẹ́ kó kù síbi tó dùn. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Apá 309 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò l'Ábújá ni wọ́n fi fẹ̀sùn kan ọkùnrin yẹn. Ohun tí apá yẹn sọ kò ju ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lọ, tàbí fáìnì, tàbí méjèèjì. Nítorí náà kí adájọ́ tó jókòó, ẹni tó kọ ẹ̀sùn ti mú òkè wálẹ̀. Síbẹ̀ adájọ́ lè fún un ní ọdún méjì-méjì kí wọ́n máa tẹ̀ léra, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, NJC, dá adájọ́ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù 12 lọ́dún yẹn. EFCC sì gba kòtẹ́milọ́rùn lọ. Ní March 2018, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, wọ́n tún ní kó san bílíọ̀nù ₦22.9.

Ìjọba náà lè pe kòtẹ́milọ́rùn, ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nìyẹn. Ìyà lè lọ sókè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún: 2013 sí 2018. Kí ìjọba tó ní lọ́yà, tó ní owó, tó ní ìwé, tó lè tún nǹkan ṣe, ọdún márùn-ún ti lọ. Mélòómélòó wá ni ẹlẹ́kọ.

Àbẹ̀kẹ́_ÌtàẸlẹ́wà · 4:31 ọ̀sán

Ẹ tún já mi láyà. Ṣé tá a bá pe kòtẹ́milọ́rùn, wọn ò ní sọ ọ́ di mẹ́ta?

Lọ́yà_Ìgbógbó · 4:44 ọ̀sán

Agbára yẹn wà lọ́wọ́ wọn, mi ò ní tàn ọ́. Nínú irú ẹjọ́ báyìí, tí ìjọba kò bínú sí ìdájọ́, mi ò rí ìdí tí wọ́n á fi ṣe é. Ká ní ó fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ ẹnì kan ni, mi ò bá ní kẹ́ ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọmọ_Ẹbúté · 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ń sọ ti ọdún méjì. Ọmọkùnrin Òkukù ní Ọ̀ṣun ńkọ́, tí wọ́n dájọ́ ikú fún torí adìyẹ àti ẹyin? Láti December 2014 ló ti ń dúró de okùn, December 2024 ni Gómìnà Adélékè tó dárí jì í. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n ní ó jẹ́ nígbà tí wọ́n mú un. Adìyẹ!

Lọ́yà_Ìgbógbó · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn ló ń pa àríyànjiyàn náà lára. Ẹ̀sùn tí wọ́n torí rẹ̀ dájọ́ ikú fún un kì í ṣe adìyẹ jíjí, ìdigunjalè ni. Bí wọ́n bá ti fìdí ìdigunjalè múlẹ̀, òfin kò fi ìyà méjì síwájú adájọ́. Ikú nìkan ni. Ì báà jẹ́ adìyẹ, ì báà jẹ́ báńkì, adájọ́ kò láṣẹ láti wọn ẹ̀ṣẹ̀ náà wò. Tí kò bá sí ohun ìjà, ó kéré tán, ọdún 21 ni. Ohun tó yẹ kó máa dùn wá nínú ẹjọ́ yẹn nìyẹn, pẹ̀lú ọjọ́ orí ọmọ náà, torí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé kò gbà kí wọ́n dájọ́ ikú fún ẹni tí kò tíì pé 18 nígbà tó ṣẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ń pariwo adìyẹ, ìjọba á fi ìwé ẹjọ́ hàn wọ́n pé kì í ṣe adìyẹ, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, òfin tó so adájọ́ lọ́wọ́ á sì wà bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Ṣábọ̀ · 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ máa tú adájọ́ lọ́wọ́, kó wá máa fi ₦250,000 ṣeré pẹ̀lú bílíọ̀nù. Ẹ̀yin náà ẹ ò mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Tí adájọ́ bá láyè, ẹ ní ó ń ṣe ojúsàájú. Tí kò bá láyè, ẹ ní ó le jù.

Lọ́yà_Ìgbógbó · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ gbá mi lẹ́nu mú níbẹ̀, òótọ́ lẹ sọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn kóòtù Ábújá fi ṣe ìlànà kan ní 2016 tó ń tọ́ adájọ́ sọ́nà: ibi tí kó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó lè fi kún un, ohun tó lè yọ. Adájọ́ ṣì láyè, ṣùgbọ́n yóò sọ ìdí rẹ̀. Èmi fara mọ́ irú ẹ̀. Ìdájọ́ tó ní ìdí lẹ́yìn rọrùn láti bá wí ní kòtẹ́milọ́rùn. "Ọdún méjì, ó parí" kò ní ibi téèyàn máa gbá a mú.

Alámòójútó · 6:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti yọ èsì méjì kúrò. Ẹ má dárúkọ májísíréètì tàbí tẹ́ṣàn kankan níbí, ẹ má sì mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yà wọ̀ ọ́.

Wọ́dà_Àtijọ́ · 9:10 alẹ́

Mo ti ń kà á láti ọ̀sán. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo lè sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, sọ fún màmá kó fọkàn balẹ̀ lórí nǹkan kan: ọdún méjì kì í ṣe oṣù 24. Ẹni tó bá hùwà dáadáa, wọ́n máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún un. Òun la ṣe ń sọ nínú ọgbà pé oṣù mẹ́jọ ni ọdún kan. Oṣù 16 nìyẹn. Kí ẹ tún lọ wo ìwé ìdájọ́ bóyá májísíréètì ní kí wọ́n máa kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, oṣù tó ti lò látìmọ́lé lè lọ lásán, ẹ fi ìyẹn kún ohun tẹ́ ẹ máa bá kòtẹ́milọ́rùn sọ.

Kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n n'Ìkòròdú. Kìríkìrì tàbí Ìkòyí ni wọ́n máa ń gbé àwọn tiwa lọ. Láti Gáréèjì, ẹ wọ BRT dé Mile 12, kẹ́ ẹ wá wọkọ̀ gba Ọ̀ṣòdì àti Mile 2 dé Kìríkìrì. Kí màmá béèrè ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n kó tó béèrè ọmọ. Ẹlẹ́wọ̀n lè buwọ́ lu ìwé kòtẹ́milọ́rùn nínú ọgbà, kí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àwọn tó mọ̀ sì ń tijú láti béèrè, wọn ò fẹ́ kí wọ́dà rò pé àwọn gbọ́n jù.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé ẹ̀ ń sọ bíi pé òmùgọ̀ ni ọmọ yẹn torí ó ní òun jẹ̀bi. Mo rí àwọn tí kò jẹ̀bi tó ní àwọn jẹ̀bi. Nínú ọgbà wa lórílẹ̀-èdè yìí, bíi méje nínú ẹni mẹ́wàá ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan, wọ́n ń dúró de ẹjọ́ ni. Ẹni tó ní òun kò ṣe é lè dúró ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kí wọ́n máa sún ẹjọ́: lónìí ọlọ́pàá tó mú un kò wá, lọ́la adájọ́ lọ sípàdé, ọ̀tunla ìmọ̀ràn DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, kò tíì jáde. Ẹnì kejì rẹ̀ tó ní òun ṣe é gba oṣù mẹ́fà, ó jáde, ó padà wá kí i. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí, apá 35, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ tì ẹni tó ń dúró de ẹjọ́ mọ́lé ju iye ọdún tó ga jù tí ẹ̀sùn rẹ̀ lè fún un. Mo mọ àwọn tó ti kọjá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ fún wọn. Ọkùnrin kan wà tó máa ń fi èédú fa ìlà sára ògiri, a máa ń ní kó nù ún kúrò kí ọ̀gá tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Àgríìkì · 9:26 alẹ́

Olúwa o.

Ọmọ_Ẹbúté · 9:40 alẹ́

Tó bá jẹ́ oṣù 16 ni, tí kòtẹ́milọ́rùn bá gba ọdún méjì, kí ni wọ́n wá fẹ́ dín kù? Ẹ wo Bọ̀dé George. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n l'Ékòó ní October 2009. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní wọ́n ṣe é dáadáa. Ó ṣẹ̀wọ̀n, ó jáde ní February 2011. December 2013 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó sọ pé ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi kò tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin mọ̀. Olóṣèlú ńlá nìyẹn o, àwọn lọ́yà àgbà ló yí i ká. Ìdáláre dé lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n.

Lọ́yà_Ìgbógbó · 10:15 alẹ́

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣe nǹkan méjì pọ̀. Ọjọ́ tí ìwé kòtẹ́milọ́rùn bá wọlé, kẹ́ ẹ tún béèrè béèlì títí wọn á fi gbọ́ ọ. Béèlì lẹ́yìn ìdálẹ́bi le, kóòtù kì í fún gbogbo ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀. Lára ohun tó lè mú kí wọ́n fún un ni bó bá hàn gbangba pé ẹ̀wọ̀n náà máa tán kí kòtẹ́milọ́rùn tó délẹ̀. Oṣù 16 wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Èkejì, ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́. Kò sí kòtẹ́milọ́rùn láìsí i, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Ọ̀pọ̀ adájọ́ ṣì ń fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sílẹ̀ títí dòní. Ẹnì kan á tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin á sanwó ojú ewé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kòtẹ́milọ́rùn tálákà ti ń kú, kì í ṣe níwájú adájọ́. Nígbà tí wọ́n sun Ilé Ẹjọ́ Gíga Igbóṣeré ní October 2020, ọ̀pọ̀ fáìlì ló bá a lọ. Apá 36 kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ méje. Ẹ kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀ lọ́la, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́ yín.

Fún lọ́yà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì OPD ti ìjọba Èkó. Láti 2000 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún àwọn tí kò lówó. Ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó "fáìlì" lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè ọ̀gá rẹ̀.

Agẹrun_Ọdọ̀gúnyàn · Ọjọ́ Ẹtì, 7:02 àárọ̀

Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi lóru. Èmi ni mo ni bátìrì.

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Gbogbo yín ló ní nǹkan láti sọ nípa ọmọ yẹn, nípa adájọ́, nípa bílíọ̀nù. Kò sẹ́ni tó bi mí. Kóòtù náà kò bi mí. Wọn ò sọ ọjọ́ ẹjọ́ fún mi, lẹ́nu ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti dájọ́. Èmi kò sọ pé kí wọ́n fún un lọ́dún méjì. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ní tẹ́ṣàn ni pé mo fẹ́ bátìrì mi.

Èyí tí wọ́n rí gbà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní ẹ̀rí ni. Mo ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ láti gẹrun, àwọn kọsítọ́mà ń sá fún ariwo. Ọkùnrin onílẹ̀ tẹ́ ẹ ń bú yẹn, ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ rí owó rẹ̀ gbà. Nínú àwa méjì tí wọ́n rẹ́ jẹ, òun ló jàre.

Bàbá_Ṣábọ̀ · 7:30 àárọ̀

Ẹ kú ìjàmbá o, arákùnrin. Èyí wá dùn mí ju ti ọmọ lọ. Mo ṣì ní kó ṣẹ̀wọ̀n díẹ̀, àmọ́ kí ni bátìrì ń ṣe ní tẹ́ṣàn lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí?

Lọ́yà_Ìgbógbó · 8:11 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Agẹrun, ẹ má bínú. Òótọ́ ni pé a gbójú fò yín.

Nígbà tí májísíréètì dájọ́, ó yẹ kí ẹnì kan rán an létí pé kó pàṣẹ kí wọ́n dá ẹ̀rí padà fún oní-nǹkan. Bí kò bá sí lọ́yà níbẹ̀, kì í sábà sẹ́ni tó ń rántí. Ẹ lè kọ̀wé béèrè fúnra yín, ẹ mú rìsíìtì tẹ́ ẹ fi rà á dání. Ní ti èkejì, òfin Èkó fún kóòtù láṣẹ láti ní kí ẹni tó jẹ̀bi san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó ṣẹ̀. Òfin yẹn náà fàyè gba iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n fún irú ẹ̀ṣẹ̀ báyìí. Ọmọ wẹ́dà tó ń gbálẹ̀ ìlú láàárọ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, lè san owó bátìrì díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà ní Kìríkìrì kò lè san kọ́bọ̀.

Tí ẹ bá lè kọ lẹ́tà pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ni kó san án, màá ní kí OPD fi í kún ìwé wọn. Tipátipá kọ́ o.

Àbẹ̀kẹ́_ÌtàẸlẹ́wà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Mo padà wá ròyìn. A ti lọ sí OPD, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló dá wa lóhùn, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ti fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn ránṣẹ́ sí ọmọ náà nínú ọgbà, ó ti buwọ́ lù ú. A béèrè ẹ̀dà ìdájọ́, wọ́n ní akọ̀wé tó ń tẹ̀ ẹ́ kò wá. Màmá fẹ́ dá ₦80,000 àjọ padà, mo ní kó fi sílẹ̀ ná.

Ẹ̀gbọ́n Agẹrun, màmá ń béèrè bóyá òun lè wá rí yín. Ojú ń tì í. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi yín.

Agẹrun_Ọdọ̀gúnyàn · 6:18 ìrọ̀lẹ́

Kó máa bọ̀. Mo máa kọ lẹ́tà yẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ náà sọ ẹni tó ta bátìrì kejì fún, torí ẹni yẹn náà wà n'Ìkòròdú yìí, kò sì sẹ́ni tó gbé e lọ kóòtù. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́jọ alẹ́, àfi ọjọ́ Àìkú.